Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí

Arvid, ìwé pélébé kan ni.
Nọ́ọ̀sì gbé e wá pẹ̀lú ife kọfí,
ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ fọwọ́ síbí, ẹ tún fọwọ́ síbí."
Mo fọwọ́ sí i.
N kò kà á. Ta ní í ka irú ẹ̀?
Wọ́n ṣe é fún mi, wọ́n ṣe é fún bàbá mi,
gbogbo ọkùnrin tí a jọ ń kó òkúta irin sínú ọkọ̀ ní èbúté Dúlúùtù
ni wọ́n ṣe é fún, kò sí ẹni tó rántí.
Ọmọ ọjọ́ méjì ni ọ́.
Kọfí mi ò tíì tutù
tí wọ́n fi gbé ọ padà dé.

Wọ́n dá abẹ́ rẹ.
Ẹ̀jẹ̀ ni kò dá.

Lákọ̀ọ́kọ́, àmì kékeré kan lára ìlédìí,
kò ju èékánná ìka rẹ lọ.
"Ó wọ́pọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n fi òwú tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé.
Yìnyín ń já bọ́. Signe jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tì ọ́,
ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò láyà rẹ.
Láago méjìlá òru mo pààrọ̀ ìlédìí kan,
láago kan, òmíràn,
nígbà tó di aago méjì mo fi kíkà sílẹ̀.
Ìwọ ò sunkún.
Ohun tó dẹ́rù bà mí jù lọ nìyẹn.
Ètè rẹ ti funfun bí etí adágún nínú oṣù Kejì.
Obìnrin inú ambúláǹsì ló sọ fún mi lójú ọ̀nà pé
gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọmọ tuntun
kò ju ife kọfí kan lọ.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a ò mọ̀ sí ọ lára.
Dókítà béèrè: "Ǹjẹ́ ọkùnrin kan wà ní ìdílé ìyá
tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá?"
Signe ní kò sí.
Ragna, ìyá rẹ̀, tó ti ń tú òwú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti òru,
ní, "Halvor."
Halvor orí àtẹ̀gùn, inú àwòrán,
Halvor tí gbogbo wa mọ̀ pé omi ló gbé lọ!
"Eyín ni wọ́n yọ fún un," ni Ragna wí.
"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú abọ́.
Màmá ní ká má sọ, kí n lè rí ọkọ fẹ́."
Irọ́ ti rin ọgọ́ta ọdún;
lára rẹ ni òtítọ́ ti bá a.
Signe ò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́
títí yìnyín fi yọ́ lórí adágún.

Mo bínú sí Ragna. Mo bínú sí ọ̀bẹ, mo bínú sí ẹni tó dì í mú.
Mo lọ bá wọn níléèwòsàn, mo na ìka sí wọn,
mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò bi wá léèrè?"
Wọ́n mú ìwé náà jáde.
Ìlà kẹrin. Ìbéèrè yẹn gan-an.
Mo ti fi àmì sí "Rárá",
àmì gọngọ, bíi ti ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe.

O ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí.
Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, abẹ́rẹ́, lórí tábìlì tí a ti ń jẹun.
Ìwọ lò ń bá mi ka eéní, eéjì,
ìwọ lò ń bá mi wá iṣan,
o sì máa ń sọ fún mi pé kò dùn ọ́,
irọ́ ìdílé yìí náà ni.

Lánàá, ìwé kan dé láti iléèwé:
wọ́n fẹ́ kó yín lọ yọ̀ lórí yìnyín lọ́jọ́ Jímọ̀.
Kí òbí fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo yí i padà,
mo ka ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Ìwọ dúró tì mí, bàtà yìnyín ti wà lọ́rùn rẹ,
o ń na kálàmù sí mi,
o ní, "Bàbá, orúkọ yín nìkan ni wọ́n fẹ́."